Ta Ni Ó Ń Han Nínú Àpótí Yìí?

Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí àpáta, kò lè rí i. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ojú ni òwe yìí ń sọ, kò dárúkọ etí. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, nígbà tí ọyẹ́ mú ní Ìbàdàn débi pé ètè gbogbo ènìyàn ń là, ọmọdébìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá kan dìde nídìí iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, ó tọ bàbá tó bí ìyá rẹ̀ lọ, ó ní, “Bàbá àgbà, kọ̀ǹpútà yín ń han.” Bàbá dẹ etí sílẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní kí ọmọ padà sídìí ìwé rẹ̀, ó ní ẹni tí iṣẹ́ kò bá wù ní í máa gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá tirẹ̀ jẹ́ tòkunbọ̀ tó rà ní ọdún 2011: àpótí dúdú kan tó dúró lábẹ́ tábìlì ní igun pálọ̀, ojú rẹ̀ tó dà bí tẹlifíṣọ̀n lórí tábìlì, àti aṣọ funfun tí ìyàwó rẹ̀ rán láti máa fi bo àpótí náà nítorí eruku. Aṣọ yìí náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò níwájú. Lójú àlejò, ẹ̀rọ àtijọ́ lásán ni. Lójú bàbá, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ wà. Ní ọdún 2006 ó gbé rẹ́kọ́dà oníkásẹ́ẹ̀tì lọ bá ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ó sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá: oríkì orílẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ àti ti ilé ọkọ rẹ̀, ẹkún ìyàwó tó sun nígbà tí wọ́n ń sìn ín lọ sílé ọkọ, àti èyí tó rántí nínú ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣe ìyàwó lọ́dún kan náà. Ìyá fi ilẹ̀ bora ní ọdún 2009. Ní ọdún 2012, bàbá sanwó fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kó ohùn inú àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì fúnra wọn wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn títí òjò fi jò wọ yàrá, tí gbogbo wọn sì bu. Bàbá kó wọn dànù láìbanújẹ́ púpọ̀, nítorí ó gbà pé ohùn ìyá òun ti wà níbi tí omi kò lè dé.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọmọ náà tún figbe bọnu. Ó ní ohùn náà tín-ín-rín, ó ń gún òun létí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé lọ sí ilé ìdáná kó tó lè kà á. Nígbà tí ìyá àgbà dá sí i, bàbá gbé fóònù, ó pe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó wà ládùúgbò. Gbólóhùn kan péré ló sọ fún un: “Ẹnjiníà, kọ̀ǹpútà mi ń pariwo.”

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ó sì jẹ́ ohun ìyàlẹ́nu pé ẹni tó ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀ fún ọdún gbọọrọ ni ẹnu rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ yẹ̀. “Ariwo” dà bí igbá alágbe, kò sí ohun tí kò gbà. Bẹ́ẹ̀ ni èdè wa ní ọ̀rọ̀ fún ohùn kọ̀ọ̀kan. Ìlù a máa dún. Bàtà lórí pákó a máa ró. Oyin inú afárá a máa kùn. Ilẹ̀kùn tí kò rí epo a máa ké. Ohun tí ohùn rẹ̀ bá tín-ín-rín tó sì lọ sókè, tó ń wọni létí bí abẹ́rẹ́, híhan ni ó ń han. Ọmọ ọdún mọ́kànlá náà ti fi ọ̀rọ̀ tó yẹ ẹ́ pè é láti ọjọ́ kìíní. Bàbá ló gbà á lẹ́nu rẹ̀, tó sọ ọ́ di ariwo, tó sì fi ariwo ránṣẹ́ sí oníṣẹ́.

Oníṣẹ́ kò ṣe é ní àìdára. Ẹni tó bá gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ń pariwo nígbà ọyẹ́, fáànù ni yóò kọ́kọ́ fura sí. Fáànù bíi mẹ́ta ló máa ń wà nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀: ọ̀kan lẹ́yìn àpótí, ọ̀kan lórí ọpọlọ ẹ̀rọ, ọ̀kan nínú power pack tó ń gba iná wọlé. Eruku ọyẹ́ a máa lẹ̀ mọ́ abẹ wọn títí ìhà kan yóò fi wúwo ju èkejì lọ, epo tó wà ní ojú ibi tí wọ́n ti ń yí a sì máa gbẹ. Fáànù tó bá rí bẹ́ẹ̀ a máa mí fùù bí ẹni tó gun òkè, tàbí kó máa ha gàrà-gàrà. Oníṣẹ́ tú àpótí, ó fi búlówà fẹ́ ẹ ní ìta. Eruku tó jáde pọ̀ bí òwú. Nígbà náà ló yí sí aṣọ funfun ìyá àgbà: ó ní bí wọ́n bá ń fi í bo àpótí nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ooru kò ní rí ọ̀nà jáde, ẹ̀rọ yóò gbóná, fáànù yóò sì máa sáré ju bó ti yẹ lọ. Ìyá àgbà kò fẹ́ràn ìdájọ́ yìí rárá, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Wọ́n pààrọ̀ fáànù ẹ̀yìn. Bàbá san ₦3,000, ó ní ẹ̀rọ náà ti tutù bí omi àmù.

Ọmọ ní, “Ó ṣì ń han, sà.”

Oníṣẹ́ padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní power pack ni. Wọ́n rà á, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ₦5,000 tún bá a lọ. Ọmọ tún ní ó ṣì ń han. Bàbá tó ti ná ₦8,000 lórí ohun tí kò fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bínú gidigidi. Ó pe ọmọ náà ní elékèé lójú ìyá àgbà. Ọ̀rọ̀ tó dun ọmọ jù lọ nìyẹn, nítorí kò tíì purọ́ fún un rí. Fún ọjọ́ mẹ́rin kò dá sí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mọ́, ilé ìdáná ló ti ń kàwé.

Ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún, bàbá nìkan wà nídìí ẹ̀rọ, àdúgbò dákẹ́, kò sí jẹnẹrétọ̀ ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ nítorí iná ìjọba wà. Àfi bó ṣe gbọ́ ohùn lábẹ́ tábìlì: gbùùù. Ó fò dìde, ó jí gbogbo ilé. “Mo ti gbọ́ ọ! Ẹ wá o, mo ti gbọ́ ọ!” Stabilizer ni. Àpótí irin yìí, tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń gba iná tó ń lọ sókè sódò mọ́ra, ní irin àti wáyà bàbà nínú. Iná tí à ń lò ní Nàìjíríà a máa lọ a máa bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Irin náà a sì máa gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì fún ìlọ àti bọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà 100. Gbígbọ̀n yìí ló ń kùn. Bí ìdè inú rẹ̀ bá dẹ̀, tàbí bó bá fara kan ẹsẹ̀ tábìlì, kíkùn náà yóò pọ̀ sí i. Bàbá yọ kọ̀ǹpútà kúrò lára rẹ̀, ó pa á, gbùù náà dákẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó bí ẹni tó borí ẹjọ́ ilẹ̀.

Ọmọ wo ojú ìyá àgbà, kò fọhùn. Ìyá àgbà ló bi í léèrè. Ó wolẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, mà. Ó ṣì ń han.”

Ohun méjì ni wọ́n ti ń sọ látọjọ́ yìí, tí wọ́n sì ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè wọ́n. Bàbá ń gbọ́ èyí tó ń kùn. Ọmọ ń gbọ́ èyí tó ń han. Kò sí èké láàárín wọn. Etí ọmọ ènìyàn tó dá ṣáṣá a máa gbọ́ ohùn tó ń gbọ̀n láti ìgbà 20 títí dé 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, òkè pátápátá ni etí ti ń pàdánù. Ohùn ìsàlẹ̀ a máa pẹ́ lọ́dọ̀ àgbà, tòkè ni í kọ́kọ́ fi í sílẹ̀. Ní ọdún 2005, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Howard Stapleton ní ilẹ̀ Wales fi ìyàtọ̀ yìí ṣe ẹ̀rọ kan láti fi lé àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbárí jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ohùn rẹ̀ ga tó bíi ìgbà 17,400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ń han ọ̀dọ́ létí, àgbà sì lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìmọ̀. Ẹ̀fọn ni wọ́n sọ ọ́ ní èdè wọn, orúkọ náà sì bá a mu. Ohun tó ń han nínú àpótí bàbá kò ní láti ga tó bẹ́ẹ̀ kó tó bọ́ mọ́ etí àgbà lọ́wọ́, pàápàá nígbà tí fáànù òkè àjà bá ń yí, tí stabilizer sì ń kùn.

Bàbá kò sùn dáadáa lóru náà. Kì í ṣe nítorí kọ̀ǹpútà. Ó ń ro ohun mìíràn tó ti kọjá ní etí rẹ̀ tí ẹnìkan kò sọ fún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe ọmọ, ó ní, “Ìyá mi, ìwọ lo gbọ́. Èmi ni n kò gbọ́.” Ó gbé àpótí sínú ọkọ̀, ó mú ọmọ dání, wọ́n forí lé Queen Cinema, níbi tí àwọn oníṣẹ́ fóònù àti kọ̀ǹpútà pọ̀ sí ní Ìbàdàn.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ni wọ́n bá ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n júwe fún wọn. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá, ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán, ó wá yí sí ọmọ. Ìbéèrè tó bi í yẹ kí gbogbo ẹni tó ní kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n sórí. Ṣé bí wọ́n bá ti tan án ló ń bẹ̀rẹ̀, àbí ó di ìgbà tó bá gbóná? Ṣé ojú kan ni ohùn náà dúró sí, àbí ó ń yí padà bí bàbá bá ń yí ojú ìwé lórí rẹ̀? Báwo ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Ọmọ ronú díẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá tan án, yóò kọ́kọ́ wà nísàlẹ̀, yóò wá máa gòkè bí ọkọ̀ tó ń kúrò ní gáréèjì, yóò dé ibì kan, yóò sì dúró síbẹ̀, kò ní yí padà mọ́. Ọ̀dọ́bìnrin náà ní ọmọ yìí ti ṣe ìdajì iṣẹ́ òun.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Àwọn wáyà tí wọ́n ká róbótó sára pákó ẹ̀rọ lè máa han nígbà tí iná bá ń sáré gba inú wọn, nítorí agbára iná náà ń gbọ̀n wọ́n. Irú èyí a máa yí ohùn padà bí iṣẹ́ ojú ẹ̀rọ bá ti ń yí padà, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìba nǹkan kan jẹ́. Etí nìkan ló ń yọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ohùn tó bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, tó ń gòkè, tó wá dúró lójú kan, ohun tó ń yí ló ni ín: ó ń gòkè bí nǹkan náà ti ń kó eré jọ. Nínú àpótí yẹn, ohun méjì ló ń yí, fáànù àti hard disk.

Kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ṣe é. Ó tan ẹ̀rọ, ó yọ wáyà sípíkà, nítorí nígbà mìíràn sípíkà ni ó ń han, tí ènìyàn yóò máa tú àpótí kiri. Ọmọ ní kò dákẹ́. Ó ká ìwé ìròyìn bíi ọwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi orí kan sétí, ó ń na èkejì sí ibi kọ̀ọ̀kan nínú àpótí bí dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Ó fi ìdérí bírò oníke kan àárín fáànù kọ̀ọ̀kan tí ọwọ́ lè dé, kì í ṣe abẹ rẹ̀, fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré kó lè dúró. Ọmọ mi orí. Power pack ni kò tú rárá. Ó ní iná a máa lúgọ sínú rẹ̀ kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ wáyà kúrò lára ògiri, ó sì lè pa ènìyàn. Ní ìkẹyìn, ó pa ẹ̀rọ, ó yọ iná, ó fa wáyà méjèèjì kúrò lẹ́yìn hard disk, ó tún tan án. Ojú ẹ̀rọ kọ ọ́ pé òun kò rí ohun tí òun yóò fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fáànù ń yí.

Ọmọ ní, “Ó ti dákẹ́.”

Inú bàbá dùn. Ọ̀dọ́bìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó bi í pé, “Bàbá, kí lẹ kó síbí? Ṣé ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn?”

Inú hard disk irú èyí, àwọn àwo pẹlẹbẹ dídán ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ń yí ní ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú àáyá. Orí tó ń ka ohun tó wà lára wọn kò fara kàn wọ́n. Ó ń fò lókè wọn ní àyè tó kéré ju ìbú irun orí lọ. Nígbà tí ibi tí àwọn àwo náà ti ń yí bá ti jẹ, wọn yóò máa han. Ẹ̀rọ yóò ṣì máa ṣiṣẹ́. Ìwé yóò máa ṣí, orin yóò máa kọ. Ìdí nìyí tí fáànù fi sàn ju hard disk lọ bó bá kan ká máa han: fáànù tó bá kú, ọjà ni ènìyàn yóò lọ. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ohun tí kò ṣẹ̀, hard disk ń yí, ó ń jẹ sí i.

Ọ̀dọ́bìnrin náà ní kí wọ́n má ṣe tan án pa á mọ́, kí wọ́n má sì ṣe àyẹ̀wò gbọọrọ kankan lórí rẹ̀. Òun yóò so ó mọ́ ẹ̀rọ mìíràn, wọn yóò sì kó ẹrù jáde kó tó kú. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣọ̀wọ́n jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé, nítorí kò mọ ìgbà tí ilẹ̀kùn yóò tì. Àwọn ìwé owó ìfẹ̀yìntì wà níbẹ̀. Àwòrán ìgbéyàwó àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Ìwé gírámà tí bàbá ti ń kọ láti ọdún mẹ́fà, tó ku orí méjì, wà níbẹ̀. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Ohùn ìyá mi.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún 2012 kò fún ohùn náà pọ̀ rárá. Wákàtí kan kásẹ́ẹ̀tì gba ju mẹ́gábáìtì 600 lọ. Lórí hard disk tó lera, ìyẹn kò tó nǹkan. Lórí èyí, bí ẹni ń fi ṣíbí bu omi kànga ni. Ìkíní, ìkejì, ìkẹta lọ. Lẹ́yìn ìkẹrin, iná ìjọba lọ, UPS gbà á títí wọ́n fi tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tó di ìkẹsàn-án, ohùn mìíràn bẹ̀rẹ̀ láàárín híhan náà: kọ́, kọ́, kọ́. Bàbá pàápàá gbọ́ èyí. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Ìkejìlá lọ tán nígbà tí wọ́n ń pe ìrun alẹ́. Ìkẹtàlá dé ìdajì, ó dúró. Wọ́n dúró tì í fún wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ̀rọ kejì ní òun kò rí hard disk kankan mọ́.

Ní ojú ọ̀nà, ọmọ béèrè ohun tó wà nínú ìkẹrìnlá. Bàbá la ẹnu, kò rí nǹkan sọ. Láti ọdún 2012, kò tíì ṣí i gbọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ìwé gírámà náà lọ. Orí mẹ́ta péré ló rí nínú ìwé tó ti tẹ̀ jáde fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Àwòrán ìgbéyàwó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì méjìlá àti ààbọ̀ wà lórí hard disk tuntun, wọ́n wà lórí fúláàṣì tí ìyá ọmọ náà gbé lọ sílé rẹ̀, wọ́n sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọ̀dọ́bìnrin oníṣẹ́ bá wọn kó wọn sí. Aṣọ funfun di ti orí tẹlifíṣọ̀n.

Stabilizer wà lábẹ́ tábìlì, ó ń kùn gbùù bó ti ń ṣe, kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí bàbá bá fẹ́ tan ẹ̀rọ, kò ní kọ́kọ́ jókòó. Yóò tẹ bọ́tìnnì, yóò sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò pe ọmọ: “Wá bá mi gbọ́ ọ.” Ọmọ yóò dẹ etí díẹ̀, yóò ní, “Kò han, sà,” yóò sì padà sídìí ìwé rẹ̀ ní pálọ̀.